Ilé Ta Ni À Ń Wò?

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo fẹ́ bi ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi ní ìbéèrè kan: ilé ta ni àwa ọmọ ìsinsìnyí ń wò? Ẹ wọ kíláàsì èyíkéyìí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí ẹ bèèrè ẹni tó fún Nàìjíríà ní orúkọ. Gbogbo ọwọ́ ni yóò nà sókè: "Flora Shaw ni!" Ẹ bèèrè ọkọ rẹ̀: "Lugard ni!" Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bi àwọn ọmọ kan náà pé kí ni orúkọ ìyá tó bí bàbá bàbá wọn. Kíláàsì yóò pa lọ́lọ́. Bẹ́ẹ̀, Lugard àti Flora Shaw kò bímọ kankan títí wọ́n fi kú. Ìdílé tí kò ní ọmọ ni a há sórí. Ìdílé tó bí wa ni a kò mọ̀.

N kò sọ pé kí wọ́n má kọ́ wa nípa Lugard. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ bí wọ́n ṣe so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914. Ohun tí mò ń bá wí ni pé a ń kọ́ ilé onílé, a sì ń fi tiwa sílẹ̀ fún ìgbàgbé. Ohun tí mo ń jà fún kò ju ẹyọ kan lọ: kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama láì tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ títí dé ìran kẹrin, níhà bàbá àti níhà ìyá. Ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí WAEC láìsí èyí mọ ọ̀nà oko, kò mọ ọ̀nà ilé.

Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi ni pé àwọn òyìnbó ló ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé àwa kò ní in. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé ọlá ni Ọlọ́run fi dá òyìnbó lọ́lá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1538, Thomas Cromwell, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà fún ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa kọ gbogbo ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú ìwé. Ní 1837, ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Ìdí rèé tí àgbẹ̀ lásán kan níbẹ̀ fi lè mọ baba ńlá rẹ̀ láti ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Baba ńlá rẹ̀ kò níyì ju tiwa lọ. Ẹnì kan ló pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́. Ohun tí àṣẹ kan bẹ̀rẹ̀, ìpinnu kan lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó máa rò pé ìwé nìkan tó, ẹ jẹ́ ká wo ìdílé Gẹ̀ẹ́sì kan tó ta gbòǹgbò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tẹ̀dó sí ilẹ̀ Yorùbá bí wọ́n ti tẹ̀dó sí Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ onílẹ̀. Àwọn tó wá sọ́dọ̀ wa wá ṣe ìjọba, òwò tàbí ìwàásù, ọ̀pọ̀ wọn sì padà sílé. Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ni ká gbà lọ. Ní 1684, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Corker gúnlẹ̀ sí etíkun Sherbro. Òṣìṣẹ́ Royal African Company ni, ilé-iṣẹ́ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fún láṣẹ láti máa ra eyín erin, igi osùn àti èèyàn. Ó fẹ́ obìnrin kan láti ìdílé Ya Kumba, ìdílé tó ń jọba ní etíkun náà. Àwọn òyìnbó ń pe obìnrin yìí ní Seniora Doll. Wọ́n bí ọmọkùnrin méjì. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ gbé Corker lọ sí Gáḿbíà, ó sì kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1700.

Bí ẹni tó ń wá ìdílé Corker bá jókòó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣí ìwé ìsìnkú, ikú 1700 yẹn ni òpin ìtàn ọkùnrin náà lójú rẹ̀. Ní Sàró, ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Orúkọ Corker yí padà di Caulker. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ọkùnrin náà di oníṣòwò ńlá, wọ́n ta ẹrú, wọ́n sì di olórí ìlú ní Shenge àti Bumpe. Kí ló fún wọn ní oyè? Ṣé ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ni? Rárá o. Òwò bàbá fún wọn lówó, ṣùgbọ́n ilé ìyá ló ni ilẹ̀, ilé ìyá ló sì ni ẹ̀tọ́ sí oyè. Ẹni tó bá tọ orúkọ bàbá nìkan lẹ́yìn yóò rí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kan tó wá ṣiṣẹ́ oṣù, tó sì lọ. Ẹni tó bá bèèrè ìyá ni yóò mọ ìdí tí ọmọ akọ̀wé fi di olórí ìlú.

Àwọn ọmọ Caulker fúnra wọn kò jókòó de ẹlòmíràn. Wọ́n gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan tó ń jẹ́ Sierra Leone Studies sì tẹ̀ ẹ́ jáde láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2010, ọ̀kan nínú ìdílé náà tún tẹ odindi ìwé jáde lórí wọn. Àwọn tí ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbàgbé ló fi ẹnu àti gègé tún ara wọn rí.

Ní Sàró kan náà yìí, ẹlòmíràn gba orúkọ Gẹ̀ẹ́sì láì ní ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lára. Ní 1821, wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Ọ̀ṣoogùn. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ní 1825 ó ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì fi orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Abigail, fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Orúkọ gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan ni ọkùnrin yìí náà ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni. Ọmọ tí wọ́n bí ni Herbert Macaulay, tí àwòrán rẹ̀ wà lórí owó náírà kan.

Ẹ wá fojú inú wo ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń to orúkọ Crowther àti Macaulay jọ nínú ìwé, tó ń wá àwọn ẹbí tó ṣí lọ sí òkè òkun. Yóò rí bíṣọ́ọ̀bù, yóò rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, yóò rí olóṣèlú, inú rẹ̀ yóò sì máa dùn pé òun ti rí ẹbí. Kò rí ẹnì kankan. Caulker tí orúkọ rẹ̀ ti yí padà ni ẹ̀jẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára rẹ̀. Crowther tí orúkọ rẹ̀ kò yingin ni kò ní in. Orúkọ ń júwe ilé, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ni ilé.

Ta ló wá mú Àjàyí padà dé ilé rẹ̀? Ní 1846, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n kó o lẹ́rú, ìyá rẹ̀, Àfàlà, gbọ́ pé ọmọ òun wà ní Abẹ́òkúta, ó sì wá a wá. Kì í ṣe ìwé ìrìbọmi ló so wọ́n pọ̀, nítorí orúkọ tó wà nínú ìwé yẹn kì í ṣe orúkọ tí ìyá sọ ọmọ rẹ̀. Ẹnu ló so wọ́n pọ̀. Ẹnì kan mọ ọmọ ẹni tí Àjàyí í ṣe, ó sì sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìtàn ẹnu kò ní láárí, ẹ dá Àfàlà lóhùn.

Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè yí ẹ̀gbẹ́ kejì padà, kó ní bí ẹnu bá lágbára tó báyìí, kí la fẹ́ fi ìwé ṣe? Ìdáhùn mi ni pé ẹnu lágbára níwọ̀n ìgbà tí ẹlẹ́nu bá wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa níhìn-ín ní Ìdóàní ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ oko kan tí bàbá bàbá bàbá mi fi sílẹ̀. Ìdí-igi ni wọ́n fẹ́ fi pín in, bí ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ti ń ṣe: iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni iye ọ̀nà tí ogún yóò pín sí. Apá kan nínú ẹbí ní ìyàwó mẹ́ta ni bàbá náà ní. Apá kejì ní mẹ́rin ni, pé èyí tó kéré jù bí ọmọbìnrin kan, ọmọ náà sì lọ ilé ọkọ ní ọ̀nà jíjìn. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ló kù tó mọ òdodo ọ̀rọ̀, ó sì ti kú nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó. Wọ́n dìde láì parí rẹ̀. Títí di àkókò tí mò ń kọ èyí, àwọn ọmọ bàbá kan náà wà tí wọn kì í kí ara wọn lọ́nà oko. Ìwé eléwé ogójì kan ì bá ti parí ìjà yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí i pé orí ìyá ni ìjà náà wà. Gbogbo ẹbí ló mọ orúkọ bàbá. Orúkọ àwọn ìyá ni kò sí ẹni tó lè kà tán. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fi orúkọ bàbá nìkan tọpa ìdílé ni àwa náà ti ń ṣe, bẹ́ẹ̀ àṣà wa ló ní ìdí-igi, àwa náà ló sì ń sọ pé ìyá ni wúrà. Ta ló ń sin wúrà sí ibi tí kò sí àmì?

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Ìdóàní ju ìlú mìíràn lọ. Ìlú wa kì í ṣe ti ìran kan ṣoṣo. Abẹ́ Aláàní ni gbogbo wa wà, ṣùgbọ́n àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀ nípa ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ní Ìyayu, àwọn àgbà ń sọ èdè kan tí kì í ṣe ẹ̀ka èdè Yorùbá. Àwọn onímọ̀ èdè kà á mọ́ agbo èdè tí Ẹ̀dó wà. Ìtàn ìdílé ni èdè yẹn fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìṣu, omi àti iná ń sọ ẹni tí wọ́n bá tan, ó sì ń sọ ọ́ kedere ju ìwé ìbí lọ. Ọmọ Ìyayu ni ìyá tó bí ìyá mi. Bí ó bá kí mi ní èdè náà, ó yé mi. N kò lè dá a lóhùn, nítorí èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ọmọ tí èmi náà yóò bí ńkọ́? Bí ìran tèmi kò bá kọ ohun kan sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ èèyàn díẹ̀ nìkan ni yóò sọnù. Ẹ̀rí tó ń sọ irú ẹni tí a jẹ́ ni yóò lọ.

Àwọn alátakò mi pọ̀, mo sì fẹ́ dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àwọn kan ní oríkì ti tó. Mo fẹ́ràn oríkì. Ara mi máa ń yá gágá bí ìyá àgbà bá kì mí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oríkì ni láti yin ẹni, kì í ṣe láti to ìran tẹ̀léra. Ó lè sọ orílẹ̀ wa àti akin tó wà nínú ìdílé wa, kó má sọ ẹni tó bí i àti ìgbà tó gbáyé. Ẹ kọ oríkì sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹlẹ́rìí ni. Ẹlẹ́rìí kan kò sì tó nínú ẹjọ́.

Àwọn mìíràn ní ìjọba ti kọ ìtàn wa sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé ní àwọn ọdún 1930, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń bèèrè ìtàn ìlú àti ìdílé ọba lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé yẹn wà ní National Archives ní Ìbàdàn títí dòní, ibẹ̀ ni àwọn lọ́yà sì máa ń sáré lọ bí ìjà oyè bá dé. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn òyìnbó náà ń wá? Wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn gba owó-orí àti ẹni tí yóò jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀. Ohun tí wọ́n nílò ni wọ́n bèèrè, àwọn tí ọ̀rọ̀ oyè kàn ló sì ń dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá jẹ́ kí àlejò kọ ìdílé òun fún òun, ohun tí àlejò bá fẹ́ mọ̀ nìkan ni yóò mọ̀ nípa ara rẹ̀.

Àwọn kan bẹ̀rù pé ìwé náà lè sọnù, pé wàhálà lásán ni. Mo gbà pé ìwé ń sọnù. Samuel Johnson, àlùfáà tí wọ́n bí ní Sàró, gba ìtàn Yorùbá lẹ́nu àwọn arókin Ọ̀yọ́ àti àwọn àgbà, ó sì kọ ọ́ parí ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tó gbà á. Johnson kú ní 1901 láì fojú kan ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé tún un tò, ìwé náà sì jáde ní 1921. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá kọ ìtàn pa ẹ̀dà kan mọ́ sílé. Kò kọ́ mi pé kí a má kọ.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní ìwádìí ìdílé máa ń hú ohun ìtìjú jáde: ta ni ìwọ̀fà, ta ni ẹrú, ta ni wọ́n bí síta, ta ló wá láti ìlú mìíràn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dun àwọn àgbà, n kò sì fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo Àjàyí Crowther: wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù. Ta ló ń fi ẹrú tó ṣe bú u? Àwọn Caulker ní ẹni tó ta ẹrú nínú ìdílé wọn. Ìyẹn ló yẹ kó ti èèyàn lójú, wọ́n sì kọ ìtàn wọn síbẹ̀síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe níbi kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìtìjú. Bí ẹbí bá rí ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kó jáde síta, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì fi í pamọ́ sọ́dọ̀ olórí ẹbí. Ìpamọ́ yàtọ̀ sí ìparẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìkànìyàn 1870 ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èèyàn. Nínú èyí tó ṣáájú, ọjọ́ orí àti akọ tàbí abo ni wọ́n ń kọ sí abẹ́ orúkọ olówó wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń náwó nára títí dòní láti fò kọjá 1870. Ohun tí wọ́n ń wá kiri lókè òkun ló jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, tó ń bó ẹ̀gúsí.

Àtakò tó kẹ́yìn, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló ni ín: "Kò sí nínú ìdánwò." Lóòótọ́ ni. Ẹ̀yin àgbà náà ló kọ́ wa láti máa ronú bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 2009 ni ìjọba ti yọ Ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Ó di 2018 kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí ó padà. Ẹni tí wọn kò kọ́ ní ìtàn ìlú rẹ̀, ìgbà wo ni yóò rántí bèèrè ìtàn ilé rẹ̀?

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe nìyí, kò sì gba owó ìjọba. Kí olùkọ́ Yorùbá tàbí Ìtàn fún akẹ́kọ̀ọ́ SS1 kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan ní ìsinmi gígùn. Kí ó mú ìwé eléwé ogójì, kí ó lọ bá àgbà méjì níhà bàbá àti méjì níhà ìyá, kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ó bèèrè orúkọ, àdúgbò, iṣẹ́, orúkọ gbogbo ìyàwó, àwọn ọmọ tó kú ní kékeré, àti ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá. Kí ó kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Bí ẹnu àwọn àgbà kò bá kò, kí ó má yan èyí tó wù ú. Kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀.

Bí àgbà bá ní òun kò mọ ọdún, kí ọmọ má sọ pé ó tán. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa, ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti kóòtù nìkan ni wọ́n ní, ọdún inú rẹ̀ sì lè jẹ́ àfojúdá. Kí ó bèèrè lọ́nà tó yé àgbà. Ṣé wọ́n ti bí i nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, àbí ìyá rẹ̀ ló sọ fún un? Ṣé ó ti tó ọmọ ilé-ìwé nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955? Àkọ́bí rẹ̀ ńkọ́, ṣé kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ni? Ṣé pọ́n-ùn ni wọ́n fi san owó orí ìyàwó, àbí náírà tó dé ní 1973? Ṣé apá òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà nígbà tí bàbá kú, àbí ó ti di apá ọ̀tún, bó ti ṣẹlẹ̀ ní 1972? Ẹni tó bá fi sùúrù bèèrè báyìí yóò rí ọdún tí àgbà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ilé bàbá, ọ̀kan fún ilé ìyá, ọ̀kan fún yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́, bí ẹbí bá fọwọ́ sí i. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ti ń tọ́jú ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù. Bí ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe é lọ́dún, lọ́dún mẹ́wàá ìwé ẹgbẹ̀ta ni yóò wà ní Ìdóàní, tí ọmọ ìlú fi ọwọ́ ara wọn kọ. Àwọn tó ń jà lórí oyè àti ilẹ̀ yóò ní ohun tí wọ́n máa wò yàtọ̀ sí ohun tí àlejò kọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá bèèrè orúkọ ìyá bàbá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún un pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ẹ fún un ní àpótí kó jókòó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún un ní máàkì. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, fóònù tí a fi ń gba orin sílẹ̀ lè gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àròbá, àròbá sì ni baba ìtàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ àròbá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọyẹ́ mìíràn sì ń bọ̀. Kí ó tó dé, ẹ jẹ́ ká bèèrè, ká sì kọ.